Kíkó ẹran láàyè gba orí òkun: ta ni yóò dáhùn fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté?

Ará_Kent

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti kó wá sí agbègbè Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ìbínú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni òfin kan gba àṣẹ ọba níbí, tí ó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kó màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹṣin láàyè kúrò ní England, Scotland àti Wales, bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ lọ pa á, tàbí pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lọ bọ́ ọ kí ó sanra kí wọ́n tó pa á. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn aṣòfin Ọsirélíà fi fọwọ́ sí tiwọn: bí ó bá di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2028, àgùntàn kankan kò gbọdọ̀ gba orí òkun jáde níbẹ̀ láàyè mọ́. New Zealand ti ṣáájú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó gba ìjọba lẹ́yìn náà sọ pé àwọn yóò yí i padà.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ni pé èbúté Ramsgate kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ti dàgbà ṣì ń sọ nípa oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, nígbà tí wọ́n dá lọ́rì kan dúró níbẹ̀ nítorí pé kò dára tó láti rìn, tí wọ́n sì ní láti sọ àwọn àgùntàn inú rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn kan jábọ́ sínú omi, méjì nínú wọn sì kú sómi. Àwọn tí ó lé ní 40 ni wọ́n pa lójú ẹsẹ̀ nítorí pé wọ́n ti fara pa tàbí pé wọ́n ń tiro. Ìjọba ìbílẹ̀ ti èbúté náà mọ́ àwọn oníṣòwò ẹran, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2014, ilé ẹjọ́ ní wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin ọjà Yúróòpù ka ẹran láàyè sí ọjà bí ọjà yòókù. Àfìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù kí ó tó rí òfin 2024 yìí ṣe.

Mo fara mọ́ òfin náà. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìyà ẹran ni ó dín kù, àbí ńṣe ni a kàn gbé e kúrò níwájú ojú wa? Àti pé àwa tí a wá láti ibi tí àgbò ti ń gun tírélà láti Sókótó dé Èkó, ẹnu wo ni a ó fi sọ ọ́?

Dókítà_Ẹran

Ẹ ṣeun, Ará Kent. Iṣẹ́ ìṣègùn ẹran ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹran fúnra rẹ̀ kí a tó dé orí òfin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí ọkọ̀ má rì ni gbogbo ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń rì lóòótọ́. Gulf Livestock 1 rì nínú ìjì ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, pẹ̀lú màlúù tí ó súnmọ́ 6,000 tí wọ́n ń kó láti New Zealand lọ sí China. Nínú òṣìṣẹ́ 43 tí ó wà nínú rẹ̀, méjì péré ni ó yè. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Queen Hind dojú dé lẹ́bàá èbúté Midia ní Romania pẹ̀lú àgùntàn tí ó lé ní 14,000, èyí tí wọ́n sì rí yọ nínú wọn kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìyà tí mo ń sọ wà nínú ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ láyọ̀ pẹ̀lú.

Mímí hẹlẹ-hẹlẹ ni àgùntàn fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tí ó sì tún kún fún ọ̀rinrin, bí ó ti máa ń rí ní etíkun àwọn Lárúbáwá ní oṣù Kẹjọ, mímí yẹn kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, ara rẹ̀ yóò sì máa hó bí ìkòkò tí a dé pa. Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 gan-an ni Awassi Express kó àgùntàn tí ó lé ní 63,000 láti Fremantle, ní Ọsirélíà. Ní àkókò òtútù tiwọn ni wọ́n gbéra, wọ́n sì já sínú ẹ̀ẹ̀rùn ẹlòmíràn pẹ̀lú irun òtútù lára. Nǹkan bí 2,400 ló kú. Ọ̀dọ́ kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló ya fídíò tí tẹlifíṣọ̀n gbé jáde ní ọdún 2018: ìgbẹ́ ti yọ́ bí ẹrẹ̀, àgùntàn rì sínú rẹ̀, wọn kò sì rí àyè dùbúlẹ̀.

Èyí tí ẹ kì í sábà gbọ́ ni ti ẹran tí ebi pa níwájú oúnjẹ. Àgùntàn tí ó jẹ koríko dàgbà lè má mọ̀ pé wóró-wóró gbígbẹ tí wọ́n dà sínú ọpọ́n ọkọ̀ jẹ́ oúnjẹ. Yóò kọ̀ ọ́, ara rẹ̀ yóò rọ, àìsàn inú yóò sì wọlé sí i lára. Ẹ wá fi òórùn amóníà tí ń ti inú ìtọ̀ wọn jáde kún un, èyí tí ń ta ojú àti ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí náà, mi ò gba ìṣirò òkú gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí òkú bá kó 2 nínú 100 kí Ọsirélíà tó ka ìrìn àjò ọkọ̀ àgùntàn kan sí èyí tí ó yẹ kí wọ́n wádìí. Ọdún 2018 ni wọ́n sọ ọ́ di 1. Ẹran tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ láàyè, inú ìwé àwọn tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n ni ó wà.

Ará_Perth

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu àwọn àgbẹ̀, nítorí pé ìwé ìṣirò owó wọn ni mò ń bá wọn ṣe ní apá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, mo sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún lè gbèjà Awassi Express lójú mi, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn lù mí.

Òjò ni ọ̀rọ̀ àgùntàn níbí. Ní ọdún tí òjò bá kọ̀, koríko yóò tán, gbogbo olóko yóò sì fẹ́ tà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ilé ìpẹran kò ní lè gba gbogbo rẹ̀, owó yóò já wálẹ̀, ẹran yóò sì máa rù sórí iyanrìn. Ọkọ̀ òkun ni ó máa ń wá ra àwọn àgbò tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, èyí tí àwọn alápatà ibí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Ẹni tí ó bá ti ọkọ̀ náà mọ́ wọn láì kọ́ ilé ìpẹran mìíràn, kí ó sọ fún wa ibi tí àgùntàn yóò lọ ní ọdún ọ̀dá. Ìjọba kéde mílíọ̀nù dọ́là 107 láti fi ran àwọn tí òfin náà kàn lọ́wọ́. Ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí bí ó bá tó.

Àwọn àgbẹ̀ tún rántí ọdún 2011. Tẹlifíṣọ̀n fi bí wọ́n ṣe ń pa màlúù Ọsirélíà ní Indonesia hàn, ohun tí a rí kò ṣeé wò, mínísítà sì ti gbogbo òwò náà pa fún bí oṣù kan láàárín òru kan. Indonesia kò gba màlúù tí ó bá wúwo ju kílò 350 lọ. Màlúù kò mọ̀ pé òfin ti dé. Ó ń jẹ, ó ń tóbi, títí tí púpọ̀ nínú wọn fi kọjá ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ọdún 2020 ni ilé ẹjọ́ wá sọ pé àṣẹ mínísítà yẹn kò bá òfin mu.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ àgùntàn dúró lọ́dọọdún ní oṣù Kẹfà sí ìlàjì oṣù Kẹsàn-án, òkú ti dín kù gan-an. Kí ló dé tí a kò fi ìyẹn ṣe òfin kí a sì dúró síbẹ̀? Ẹ sì kíyè sí i pé òfin 2028 kò fọwọ́ kan màlúù rárá. Bí ó bá jẹ́ pé àánú ni, ṣé irun ara ni ó ń pààlà rẹ̀ ni?

Ará_Kent

Ará Perth, ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dáa, mi ò sì ní ìdáhùn sí i. Òfin tiwa náà ní irú ihò bẹ́ẹ̀: Northern Ireland kò sí nínú rẹ̀, adìyẹ kò sí nínú rẹ̀, ẹran tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ lọ fi ṣe ìbísí lè kọjá. Wọ́n ti sọ fún mi pé láti òpin ọdún 2020 kò sí ẹran tí ó gba ibí jáde lọ sí ilé ìpẹran mọ́, nítorí náà ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́ ni wọ́n tì. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n tì í.

Akọ̀wé_Òfin

Ẹ̀gbọ́n Ará Perth, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ó ń dun òfin gan-an, ṣùgbọ́n apá ibòmíràn ni mo fẹ́ gbà dé ibẹ̀. Ohun tí ó ya òwò yìí sọ́tọ̀ sí òwò ẹran yòókù ni pé ìyà tí a ń sọ sábà máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí apá ẹni tí ó ṣe òfin kò ká mọ́. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fún oníṣòwò kan ní ìwé àṣẹ láti kó àgùntàn lọ sí Spain, wọ́n ní àwọn ilé ìpẹran ibẹ̀ kò tẹ̀lé ìlànà pé kí a mú ẹran dákú kí a tó dúńbú rẹ̀. Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi, pé kò sí ní ipò rẹ̀ láti dá ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́ nípa kíkọ ìwé àṣẹ.

Ilé ẹjọ́ kan náà yìí ni ó wá sọ ní ọdún 2015 pé ìlànà ìsinmi àti omi mímu fún ẹran kò dópin sí ẹnubodè Yúróòpù. Màlúù ni wọ́n fẹ́ kó láti Jámánì lọ sí Uzbekistan. Ilé ẹjọ́ ní ìlànà gbọ́dọ̀ bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá Jámánì wo ni yóò dúró sí aṣálẹ̀ Kazakhstan tí yóò máa ka wákàtí? Ọkọ̀ orí omi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: olówó rẹ̀ lè wà ní orílẹ̀-èdè kan, kí ó ta àsíá ìkejì, kí òṣìṣẹ́ wá láti ìkẹta, kí ẹran jẹ́ ti ìkẹrin. Ní ọdún 2003, àgùntàn Ọsirélíà tí ó lé ní 57,000 wà nínú Cormo Express nígbà tí Sáúdí Arébíà kọ̀ wọ́n, wọ́n ní àrùn wà ní ẹnu wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń rìn káàkiri òkun tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbà á, títí Eritrea fi gbà wọ́n. Àwọn tí ó lé ní 5,000 ti kú nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ọkọ̀ Bahijah náà kó àgùntàn àti màlúù jáde láti Fremantle, nítorí ogun Òkun Pupa sì ni wọ́n fi pè é padà.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí a kàn tún òwò náà ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ wò, kò sí bí ó ṣe máa tún un ṣe. Bí a bá pa ẹran náà ní Katanning, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà níbẹ̀, ẹni tí ó pa á ń bẹ ní Katanning, àbẹ̀wò lè dé bá a ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Alhaji_Àgbò

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àgbò ni mò ń tà ní Ìlọrin àti Èkó, ó ti lé ní ogún ọdún. Ará Kent béèrè irú ẹnu tí a ó fi sọ ọ́, èmi ni ọ̀rọ̀ náà sì bá wí jù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo di àgbò 80 sínú ọkọ̀ láti Sókótó, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà àgbò tí wọ́n ń pè ní Bàlámì àti Údà. Ọkọ̀ bàjẹ́ kí a tó dé Jẹ́bà. Oòrùn mú wa níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kò sì fẹ́ kí a sọ ẹran kalẹ̀ nítorí àwọn olè. Mẹ́sàn-án kú. Ká má purọ́, lọ́jọ́ náà owó ni mo ń rò. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo délé ni mo ń rántí pé wọ́n ké títí wọn kò fi lè ké mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ ti ara rẹ̀ wò. Èmi ti ara mi wò lábẹ́ oòrùn yẹn, ṣùgbọ́n èmi ní omi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Àwọn tí kò fẹ́ kí a kó ẹran láàyè ní kí a pa á sílé kí a sì fi yìnyín kó o lọ. Ta ni ó ní iná tí yóò fi tọ́jú yìnyín? Oníbàárà mi fẹ́ rí ojú àgbò, kí ó wo eyín rẹ̀, kí ó fọwọ́ ba ìwo rẹ̀ kí ó tó sanwó. Òfin náà sì máa ń wá nítorí ohun mìíràn tí kò kan àánú. Ní ọdún 2025, kí Iléyá tó dé, ìjọba Niger ní kí ẹran má jáde ní ilẹ̀ àwọn mọ́, kí owó rẹ̀ má baà wọ́n fún àwọn ará ilé. Àwa tí a wà níbí ni a jìyà rẹ̀ lójú ọjà.

Ọmọ_Ọ̀yọ́

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ nípa màlúù tí a kò sọ nípa àwọn darandaran tí ń jẹ oko olóko, ṣé a ti sọ nǹkan kan?

Alábòójútó

Ọ̀rọ̀ yẹn tóbi, ó sì ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró lórí kíkó ẹran láàyè lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Àfáà_Kékeré

Mo fẹ́ dá sí ibi tí Alhaji dé, nítorí pé Iléyá àti Hájì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbèjà òwò yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹran tí ó di dandan fún alálàájì, Mẹ́kà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa á, nítorí náà ẹran ààyè gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láti ibì kan. Síbẹ̀, láti ọdún 1983 ni ètò kan ti wà níbẹ̀ tí ń pa ẹran náà fún àwọn alálàájì, tí ó ń fi yìnyín mú un dì, tí ó sì ń kó o lọ fún àwọn aláìní ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ti Iléyá tí ẹni tí ó wà nílé ń ṣe yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ènìyàn lè rán ẹlòmíràn láti pa á fún òun ní ibòmíràn.

Nípa bí a ṣe ń pa á, hádíìsì tí Imaamu Muslim gbà wá sọ pé bí ẹ bá ń dúńbú, ẹ dúńbú dáadáa, kí ẹni náà pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó sì fi ara tu ẹran rẹ̀. Mi ò mọ bí a ṣe lè ka èyí tán kí a sì rò pé láti ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan ọrùn nìkan ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ni mo fi gba ti Ará Perth. Nígbà tí Sáúdí Arébíà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran Somalia láti ọdún 2000 títí di 2009 nítorí àrùn, èbúté Berbera dákẹ́, àwọn darandaran tí kò ní ohun mìíràn tí wọ́n ń tà sì ni ìyà jẹ. Kò sí mílíọ̀nù dọ́là kankan fún wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣe òfin ní London tàbí Canberra kò ní láti ronú nípa wọn, ṣùgbọ́n àwa níbí yẹ kí a ronú.

Ará_Perth

Àfáà, ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn: ẹni tí ń jẹ ẹran kò ní dẹ́kun rírà á. Bí kò bá rí ti Fremantle, yóò ra ti Romania tàbí ti Sudan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọkọ̀ kan rì sí èbúté Suakin ní Sudan pẹ̀lú àgùntàn tí ó lé ní 15,000, wọ́n ní ó kún ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣé bí a ṣe fẹ́ kí ó máa rí nìyẹn?

Akọ̀wé_Òfin

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ariyànjiyàn yẹn kò ní òpin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ohun tí kò dára lè sọ pé bí òun bá fi í sílẹ̀, ẹni tí yóò ṣe é burú ju òun lọ ń bẹ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n dá Alhaji lóhùn nípa ilé. Abala 495 nínú Criminal Code tiwa sọ pé ẹni tí ó bá fìyà jẹ ẹran láìnídìí lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50 o. Láyé tí wọ́n kọ ọ́, owó ni. Lónìí kò ra omi inú ọ̀rá tí à bá fún àgbò náà mu. Nítorí náà òfin wà, ẹran wà, ẹni tí yóò san náírà 50 kò ṣòro rí.

Alhaji_Àgbò

Akọ̀wé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín dénú.

Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo lè ṣe ni kí ẹ sọ fún mi, nítorí pé mi ò ní ọkọ̀ òkun, tírélà ni mo ń háyà. Àwọn kan ní kí a má fún àgbò ní omi ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ dì í, kí ó má baà tọ̀. Àwọn kan ní kí a fi ọkà bọ́ ọ yó. Èwo ni ṣíṣe?

Dókítà_Ẹran

Alhaji, kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Ẹ fún wọn ní omi títí di àkókò tí ẹ bá fẹ́ dì wọ́n. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ má fún wọn ní ọkà púpọ̀, nítorí ó ń ba inú wọn jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ di ìwọ̀nba tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó bá ṣubú lè dìde. Ẹ má kó àwọn àgbò oníwo tí wọn kò mọ ara wọn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra ní ìrọ̀lẹ́ kí òru lè gbé e kọjá Mọ́kwà, kí ẹ sì ní kẹ́ẹ̀gì omi àti agbada mẹ́rin nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn tí ó bá di pé kí a sọ wọ́n kalẹ̀, ẹ ti san owó rẹ̀ láti Sókótó.

Alhaji_Àgbò

Ẹni tí yóò ṣọ́ wọn yẹn ni ó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ́n tó àgbò mẹ́sàn-án. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.